Ogójì Tábìlì Tó Ń Ṣáájú Ọ̀gá Gbólóhùn Dé

Ìyàwó káfíńtà ló kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí, ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹfà oṣù Keje, ní ẹ̀yìn ilé wọn, níbi tó ti ń sá aṣọ. Ọkọ rẹ̀ jókòó sórí pákó nítòsí, ó ń yọ ìṣó kúrò lára igi àlòkù. Ibi tí ìyàwó bá ti bù mọ́ ọ̀rọ̀, ọkọ a bù kúrò. Ibi tí ọkọ bá sì ti fẹ́ fò kọjá, ìyàwó a fà á padà. Èyí tí àwọn méjèèjì fẹnu kò lé lórí ló wà níhìn-ín.

Káfíńtà yìí kì í ṣe aláriwo. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́bàá títì, òòlù rẹ̀ ló máa ń bá a sọ̀rọ̀. Ọmọ mẹ́ta ló bí. Àkọ́bí rẹ̀, obìnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá, wà ní kíláàsì tó gbẹ̀yìn ní Ilé-ìwé Ìsàlẹ̀, èyí tó wà létí gọ́tà ńlá tí omi gbogbo ìlú ń gbà kọjá. Mẹ́tàléláàádọ́rin ni wọ́n nínú kíláàsì kan. Wọn kò ní tábìlì kankan. Àwọn kan ń jókòó sórí ẹní, àwọn kan sórí búlọ́ọ̀kù, ọmọkùnrin kan sì wà tó jogún agolo ọ̀dà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, orí rẹ̀ ló ń jókòó sí. Orúnkún ni gbogbo wọn fi ń kọ̀wé.

Ilé-ìwé Òkè ńkọ́? Ẹ gbójú sókè díẹ̀, ẹ ó rí i. Ibẹ̀ ni ọmọ àwọn ọ̀gá ọ́fíìsì àti ti àwọn oníṣòwò ńlá ń lọ. Fèrèsé wọn ní gíláàsì, tábìlì ìkọ̀wé ogójì ló wà níbẹ̀, tàga-tàga, tí wọ́n fi ọ̀dà kùn títí ó fi ń dán.

Ọmọ káfíńtà mọ ìṣirò. Èyí tí bàbá rẹ̀ bá fẹ́ fi rúlà, pẹ́ńsù àti oríkunkun ṣe, orí ni ọmọ náà ti fi ń ṣe é tán kí bàbá tó rí pẹ́ńsù. Àléébù kan ṣoṣo ló ní: ìlà ìkọ̀wé rẹ̀. Ìlà náà yóò bẹ̀rẹ̀ lókè bí ẹni tó wọṣọ òde, ṣùgbọ́n kó tó dé etí ìwé, á ti sọ̀kalẹ̀ bí ẹni tó ń lọ pọnmi. Kí ni ká ti wí? Orúnkún kì í ṣe tábìlì.

Àsìkò tó báyìí láti mú Ọ̀gá wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde dúró. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe fẹ́ràn rẹ̀.

Orúkọ oyè rẹ̀ ni Alábòójútó Àgbà fún Ètò Ẹ̀kọ́, Atọ́nà Àwọn Èwe, àti Alága Ìgbìmọ̀ Ìlọsíwájú, ìgbìmọ̀ tí òun nìkan jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn ará ìlú kò ní èémí tó bẹ́ẹ̀, Ọ̀gá Gbólóhùn ni wọ́n ń pè é. Tí o bá kí i pé, "Ẹ káàárọ̀, sà," á gbá kóòtù rẹ̀ mú, á ní, "Òwúrọ̀ tí ìwọ fi kí mi yìí, tí í ṣe ìbẹ̀rẹ̀ ọjọ́, tí ọjọ́ í ṣe ọmọ ọ̀sẹ̀, tí ọ̀sẹ̀ í ṣe ọmọ oṣù..." Tó bá fi máa kan ọdún, o gbọ́dọ̀ sọ pé, "Ẹ káàsán."

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni akọ̀wé rẹ̀ máa ń dúró sí, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Bẹ́ẹ̀-ni-sà. Pẹ́ńsù pupa kan ló ń gbé kiri. Tó bá gbé e sókè lẹ́ẹ̀kan, kí gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́. Lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n dìde. Lẹ́ẹ̀mẹta, kí wọ́n nu ojú bí ẹni tí ọ̀rọ̀ wọ̀ lára. Àwọn tíṣà kan ti mọ bí wọ́n ṣe ń sùn láàárín ẹ̀ẹ̀kejì sí ẹ̀ẹ̀kẹta, lóòró.

Ní oṣù Kẹta, wọ́n gbé ìwé ìdánwò ìgbáradì méjì síwájú Ọ̀gá, ọ̀kan láti Òkè, ọ̀kan láti Ìsàlẹ̀. Kò ka èyíkéyìí. Ó gbé méjèèjì jìnnà sójú, ó di ojú kan, bí ẹni tó ń wò ó bóyá ògiri tọ́.

"Akọ̀wé."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ìlà èyí tọ́. Ìlà èyí wọ́. Kí ló fà á?"

Bẹ́ẹ̀-ni-sà mọ ohun tó fà á. Àbúrò rẹ̀ ti lo ọdún mẹ́fà lórí ẹní ní Ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló máa ń mú wá síbi iṣẹ́.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ló wí.

"O ṣeun! Ìwà ni. Ìwà ló fà á! Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun ó wọ́. Èmi àgbà rèé, mo sì wà lọ́jà. Kọ ọ́ sílẹ̀: láti òní lọ, ìwé ìdánwò yòówù tí ìlà rẹ̀ bá fi ìwọ̀n ìka kan yà kúrò lára rúlà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe máàkì rẹ̀. Ọmọ tí kò lè darí pẹ́ńsù, báwo ni yóò ṣe darí ìlú?"

Pẹ́ńsù pupa lọ sókè lẹ́ẹ̀mẹta. Èèyàn méjì ló kù nínú ọ́fíìsì náà, agbálẹ̀ àti ọkùnrin tó wá tún fáànù ṣe. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n dìde, wọ́n nu ojú.

Ẹ lè bèèrè pé, ṣé Ọ̀gá kò tíì dé Ìsàlẹ̀ rí ni? Ó ti dé ibẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Nígbà tó gorí oyè, ó ní òun á máa bẹ ilé-ìwé méjèèje ìlú wò, ọ̀kan lọ́sẹ̀. Ó wá fi kún un pé òun kò fẹ́ràn ohun tó ń bani nínú jẹ́. Ọ̀rọ̀ kejì yìí ni Bẹ́ẹ̀-ni-sà gbọ́ jù. Ó lọ bá káfíńtà ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní gbogbo iṣẹ́ ìlẹ̀kùn àti àga ìjọba di tirẹ̀, bó bá lè ṣe nǹkan kékeré kan. Nǹkan kékeré náà nìyí: ní ọjọ́ tí Ọ̀gá bá fẹ́ bẹ ilé-ìwé kan wò, kí káfíńtà fi ọkọ̀ akẹ́rù kó ogójì tábìlì ti Òkè lọ síbẹ̀ láàárọ̀, kó tò wọ́n, kó nù wọ́n, tó bá di ọ̀sán tí Ọ̀gá ti lọ, kó kó wọn padà. Àwọn ọmọ Òkè á gba ìsinmi lọ́jọ́ náà. Kò sí ọmọ tó ń gbàdúrà ẹ̀mí gígùn fún Ọ̀gá bíi tiwọn.

Káfíńtà gbà. Ó ní ọmọ mẹ́ta láti bọ́. Kò sì pẹ́ tó fi mọ tábìlì wọ̀nyí bí ẹni mọ àbúrò: èyí tó tiro, èyí tí eku jẹ létí, àti èyí tí tàdáwà dà sí lójú, tí àbàwọ́n rẹ̀ rí gẹ́lẹ́ bíi pẹ́pẹ́yẹ tó ń lúwẹ̀ẹ́.

Ní ilé-ìwé kẹta tí Ọ̀gá bẹ̀ wò, ó rí pẹ́pẹ́yẹ náà. Ó dúró. Bẹ́ẹ̀-ni-sà ń nu òógùn iwájú orí. Káfíńtà, tó fara pamọ́ sẹ́yìn ìlẹ̀kùn, ti ń ronú ibi tó máa sá gbà.

"Akọ̀wé!" Ọ̀gá lahùn. "Ilé-ìwé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, pẹ́pẹ́yẹ kan náà! Ṣé o rí ìṣọ̀kan? Ètò mi ti wọ àwọn ọmọ yìí lára débi pé tàdáwà wọn ń dà síbi kan náà!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó kọ ojú ìwé kan gbáko nípa pẹ́pẹ́yẹ yìí sínú ìròyìn rẹ̀.

Nígbà tó kan Ìsàlẹ̀, ọmọ káfíńtà ló bá ara rẹ̀ nídìí tábìlì pẹ́pẹ́yẹ. Ogójì ọmọ ni wọ́n fi síbẹ̀, àwọn mẹ́tàlélọ́gbọ̀n tó kù ni wọ́n rán lọ wá igi ìdáná tí ẹnikẹ́ni kò nílò. Ọmọ náà gbé ọwọ́ lé tábìlì, ó kọ̀wé. Ìlà àkọ́kọ́ tọ́. Ìkejì tọ́. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bíi pé ti ẹlòmíràn ni. Ọ̀gá tẹ̀ síwájú, ó wo ìwé náà.

"Ọmọ dáadáa. Ta ló kọ́ ẹ láti kọ̀wé tó tọ́ báyìí?"

"Tábìlì ni, sà."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí tí kóòtù rẹ̀ fi mì. Ó ní ọmọ náà mọ àwàdà ṣe. Pẹ́ńsù pupa lọ sókè.

Ní ọ̀sán, káfíńtà wọlé pẹ̀lú àwọn alábàárù. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, bóyá kó lè pẹ́ kó tó kan ọmọ rẹ̀. Ó kàn án.

"Bàbá mi, ṣé ẹ ò lè wulẹ̀ gbàgbé ọ̀kan síbí?"

"Wọ́n ti kà wọ́n, ọmọ mi. Dìde."

Ọmọ dìde, ó kó ìwé rẹ̀, ó padà sórí ẹní. Bàbá gbé pẹ́pẹ́yẹ lérí, ó jáde.

Nílé, ìyàwó rẹ̀ ń ṣa ìrẹsì. Kò gbójú sókè.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, baálé mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé àga fún gbogbo ọmọ ìlú, tí tiyín wà nílẹ̀."

"Iṣẹ́ ìjọba ni."

"Mo gbọ́. Wọ́n á ní ìka ò dọ́gba. Lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n tí a bá ń fọwọ́, gbogbo rẹ̀ là ń fọ̀."

Káfíńtà dìde. Ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó fi àjákù pákó kan tábìlì kékeré kan, ọjọ́ méjì ló fi kàn án, ó sì dán an bí ẹni ń dán ìlẹ̀kùn ààfin. Ọmọ rẹ̀ gbé e lérí lọ sí ilé-ìwé ní ọjọ́ Ajé. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó gbé e padà wálé.

"Kí ló ṣe é? Ṣé ó tiro ni?"

"Kò tiro, sà. Gbogbo kíláàsì ló tò láti lò ó. Ìlà náà gùn dé etí gọ́tà. Nígbà tó máa fi kàn mí, agogo ti lù."

"Ìwọ lo ni ín, kí ló dé tí o ò kọ́kọ́ lò ó?"

"Bàbá mi, báwo ni n ó ṣe jókòó sókè kí n máa wo orí gbogbo wọn?"

Tábìlì kékeré di ti ilé. Nílé, ìlà ọmọ náà tọ́ bí òpó iná. Ṣùgbọ́n a kì í ṣe ìdánwò nílé.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù Kẹfà, ni ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ sẹ́kọ́ńdírì wáyé. Olúkúlùkù ṣe é ní ilé-ìwé tirẹ̀: àwọn ọmọ Òkè lórí tábìlì, àwọn ọmọ Ìsàlẹ̀ lórí orúnkún. Lọ́jọ́ kejì, Bẹ́ẹ̀-ni-sà gbé rúlà dé Ìsàlẹ̀. Ó gbé e lé ìwé kìíní, ó mi orí, ó sọ ọ́ sínú àpò sìmẹ́ńtì kan. Ó gbé e lé ìkejì. Nígbà tó dé ìkarùn-ún, kò gbé rúlà lé e mọ́, ó kàn ń sọ wọ́n sínú àpò. Ìwé mẹ́tàléláàádọ́rin ló wọlé síbẹ̀ láìsí ẹni tó kà wọ́n. Wọ́n ní tí oṣù bá parí, wọ́n á sun wọ́n.

Ọmọ tí wọn kò bá máàkì ìwé rẹ̀ kò ní wọ sẹ́kọ́ńdírì. Kò sí àtúnṣe ọdún tó ń bọ̀ fún ọmọ Ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá ti jáde níbẹ̀ ti jáde nìyẹn. Aránṣọ kan ti ń ránṣẹ́ sí ìyàwó káfíńtà pé kí ọmọ rẹ̀ wá máa kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ òun láti oṣù Keje. Iṣẹ́ aránṣọ kò burú. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò bèèrè fún un.

Káfíńtà wọ ẹ̀wù rẹ̀ tó mọ́ jù, ó lọ sí ọ́fíìsì Ọ̀gá Gbólóhùn. Ó dọ̀bálẹ̀.

"Ọ̀gá, nípa ìwé àwọn ọmọ Ìsàlẹ̀ ni, sà. Ẹ ṣàánú wọn. Torí pé wọn ò rí ibi gbé ìwé lé ni ìlà wọn ṣe wọ́."

"Káfíńtà," ni Ọ̀gá wí, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀, "ojú mi yìí kì í purọ́. Mo ti dé Ìsàlẹ̀. Mo rí ogójì tábìlì níbẹ̀. Mo fọwọ́ kàn wọ́n. Ṣé ìwọ, tí o kò ju oníṣẹ́ igi lọ, lo fẹ́ sọ fún mi pé kò sí igi níbi tí mo ti rí igi?"

Bẹ́ẹ̀-ni-sà bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́ lẹ́yìn àga. Ikọ́ náà pọ̀. Káfíńtà wo Ọ̀gá, ó sì rí i pé ọkùnrin náà kò purọ́ rárá. Ó gba ohun tó rí gbọ́ tọkàntọkàn. Kí ni èèyàn máa sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀? Kó ní, "Èmi ni mo tàn yín jẹ"? Ó dúpẹ́, ó jáde. Láti ọjọ́ náà, òòlù ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́.

Ní gbogbo àkókò yìí, ìròyìn Ọ̀gá ti dé olú-ìlú. Ilé-ìwé méje, ogójì tábìlì nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan: igba ó lé ọgọ́rin. Àwọn ọ̀gá olú-ìlú kọ̀wé padà pé iṣẹ́ yìí yà wọ́n lẹ́nu, àwọn á rán olùbẹ̀wò wá kí i kú oríire ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹfà náà. Olùbẹ̀wò kan ì bá wo ilé-ìwé kan, kó jẹun, kó lọ, kí gbogbo rẹ̀ sì parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá Gbólóhùn kì í mu omi láti ife nígbà tí odò bá wà.

"Akọ̀wé! Kí wọ́n kó gbogbo tábìlì ìlú yìí, igba ó lé ọgọ́rin, sí pápá ìṣeré lọ́jọ́ kan náà! Kí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan dúró ní àyè tirẹ̀. Kí àlejò wa rí òkun tábìlì! Ǹjẹ́ ó ṣeé ṣe?"

Àyè wà níbẹ̀ láti sọ pé rárá. Bẹ́ẹ̀-ni-sà la ẹnu. Ó gbìyànjú. Gbogbo ojú rẹ̀ ló gbìyànjú.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó sáré dé ṣọ́ọ̀bù káfíńtà. Ọkùnrin tó máa ń sọ pé "ìwọ káfíńtà" wá di ẹlòmíràn.

"Ọ̀gá mi káfíńtà, bàbá mi, ẹ gbà mí. Ọjọ́ mẹ́rin péré ló kù. Ẹ bá mi kan igba ó lé ogójì tábìlì."

"Ṣé igbó ni àna mi, tí yóò fi fún mi ní igi tó tó bẹ́ẹ̀?"

Bẹ́ẹ̀-ni-sà jókòó sórí èéfọ́ pákó, ó fi ọwọ́ lérán. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ojú ẹni tó fẹ́ ṣubú sínú kànga míì. Ó ní kí wọ́n fi tapólì gígùn pààlà sí pápá náà, kí àlejò má bàa rí ilé-ìwé kan láti ọ̀dọ̀ òmíràn. Láàárín ilé-ìwé kan àti òmíràn, kí wọ́n gbé àga síbi ibòòji kan, níbi tí Ọ̀gá á ti sọ̀rọ̀. Bí Ọ̀gá bá ń sọ̀rọ̀, káfíńtà àti alábàárù mẹ́jọ á kó tábìlì gba ẹ̀yìn tapólì lọ síbi ilé-ìwé tó kàn.

"Ọ̀rọ̀ Ọ̀gá kì í dín ní wákàtí kan," ló wí. "Gbogbo ọdún tí mo ti ń gbọ́ ọ, mi ò mọ̀ pé ó máa wúlò."

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì náà, káfíńtà ń wẹ ojú nígbà tí ọmọ rẹ̀ dé ẹ̀yìn rẹ̀, tó ti wọ aṣọ ilé-ìwé.

"Bàbá mi, tíṣà ní ká kọ àròkọ nípa ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa lọ́dún yìí. Tí mo bá dé ibi tí wọ́n ti kó tábìlì lọ, ta ni kí n kọ pé ó kó wọn?"

Kò sí ẹ̀gàn nínú ohùn rẹ̀. Ó kàn fẹ́ mọ̀ ni. Káfíńtà nu ojú títí tí ojú fi gbẹ, ó tún ń nù ún.

Olùbẹ̀wò dé ní aago mẹ́sàn-án géérégé. Obìnrin ni, àgbàlagbà, bàtà rẹ̀ pẹlẹbẹ bíi ti ẹni tó ti rìn rí. Ó wo tábìlì ogójì ní àyè Ilé-ìwé Òkè, ó bá àwọn ọmọ ṣeré. Ọ̀gá mú un lọ síbi ibòòji, ó sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan ó lé ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí ìtumọ̀ tábìlì láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Lẹ́yìn tapólì, káfíńtà àti àwọn èèyàn rẹ̀ ń sáré bí èèrà tó rí òjò. Nígbà tí wọ́n dé ilé-ìwé kejì, tábìlì ogójì ti wà níbẹ̀, wọ́n ń dán. Olùbẹ̀wò wo pẹ́pẹ́yẹ fún ìgbà díẹ̀.

Wọ́n jókòó síbi ibòòji kejì. Ọ̀gá gbá kóòtù mú.

"Ṣáájú kí n tó bẹ̀rẹ̀, màá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú díẹ̀ nípa ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́..."

Olùbẹ̀wò dìde.

"Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ yín dùn. Ẹ jẹ́ ká fi díẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀la. Àwọn ọmọ wà nínú oòrùn. Ṣé ibí yìí kọ́ ló yá jù?"

Kí pẹ́ńsù pupa tó mọ ibi tó fẹ́ lọ, obìnrin náà ti gbé etí tapólì sókè, ó ti kọjá sẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀gá tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀-ni-sà tẹ̀ lé Ọ̀gá.

Níbẹ̀ ni wọ́n bá káfíńtà. Ó dúró láàárín ọ̀nà, òógùn bò ó, tábìlì pẹ́pẹ́yẹ wà lórí rẹ̀. Alábàárù mẹ́jọ dúró lẹ́yìn rẹ̀, tábìlì lérí, bí ìlà ìgbéyàwó tí kò rí ìyàwó. Nínú oòrùn níwájú, àwọn ọmọ Ìsàlẹ̀ dúró nínú àyè tí wọ́n fi ẹfun yà, ilẹ̀ lásán. Ọmọ káfíńtà wà níwájú wọn. Ó ń wo bàbá rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá," ni olùbẹ̀wò wí. "Níbo lẹ ń gbé tábìlì yẹn lọ?"

Bẹ́ẹ̀-ni-sà ti ń húkọ́. Káfíńtà gbé tábìlì sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ibi tí ẹ ń lọ ni, mà."

"Ẹ là á yé mi."

"Tábìlì ìlú yìí kò ju ogójì lọ, mà. Èmi ni mò ń gbé wọn ṣáájú Ọ̀gá láti ọdún tó kọjá. Mo ti gbé wọn dé ilé-ìwé ọmọ mi, mo tún gbé wọn kúrò lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ọmọ náà nìyẹn. Ìdánwò rẹ̀ wà nínú àpò sìmẹ́ńtì ní ọ́fíìsì, òun àti méjìléláàádọ́rin míì. Wọn ò kà á. Wọ́n ní ìlà wọn wọ́. Orúnkún ni wọ́n fi kọ ọ́, mà. Tí ẹ bá fẹ́ jẹni níyà, ẹ mú mi. Ẹ ṣáà jẹ́ kí wọ́n ka ìwé àwọn ọmọ."

Ó jẹ́ ọ̀rọ̀ tó gùn jù tí ẹnikẹ́ni tíì gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Kò sí ẹni tó gbé pẹ́ńsù sókè.

Olùbẹ̀wò yíjú sí Bẹ́ẹ̀-ni-sà. "Ṣé o mọ̀ sí i?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Láti ọjọ́ tó ti ń sọ ọ̀rọ̀ náà, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó jẹ́ òtítọ́.

Ọ̀gá Gbólóhùn ń wo pẹ́pẹ́yẹ. Ó wò ó, ó tún un wò. Gbogbo wa ti rí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun tí kò mọ yàrá tó wà. Bẹ́ẹ̀ ló rí.

"Àbí... kì í ṣe ìṣọ̀kan?" ló bèèrè, ohùn rẹ̀ kéré.

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Olùbẹ̀wò kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó tẹjú mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n kó tábìlì náà dé ibi tí wọ́n ń gbé e lọ, kí àwọn ọmọ Ìsàlẹ̀ jókòó, méjì-méjì. Ó fún Ọ̀gá ní ìwé àti pẹ́ńsù, ó ní kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ohun tó mọ̀ àti ohun tí kò mọ̀.

Ọ̀gá wò yíká. Gbogbo tábìlì tó wà nítòsí ti lọ́mọ. Àga ibòòji ti jìnnà. Ó kó kóòtù jọ, ó jókòó sílẹ̀, ó gbé ìwé lé orúnkún, ó bẹ̀rẹ̀: "Èmi, Alábòójútó Àgbà fún Ètò Ẹ̀kọ́..." Ìlà náà bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Nígbà tó fi máa dé "Ẹ̀kọ́", ó ti ń forí lé gọ́tà. Ó pa á rẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó tún wọ́. Òógùn jábọ́ sórí ìwé.

Ọmọ káfíńtà, tó jókòó nítòsí, tẹ̀ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ẹ gbé orúnkún ọ̀tún sókè díẹ̀, sà," ló wí jẹ́jẹ́. "Ó máa ń ṣèrànwọ́."

Ọ̀gá gbé e sókè. "O ṣeun, ọmọ," ló wí. Gbogbo ohun tó sọ nìyẹn. Àwọn tó wà níbẹ̀ búra pé àwọn kò gbọ́ gbólóhùn tó kúrú tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí.

Wọn kò so ó, wọn kò sì tì í mọ́lé. Wọ́n gbé e lọ sí yàrá kan ní olú-ìlú níbi tí wọ́n ń kó fọ́ọ̀mù àtijọ́ sí, tí pẹpẹ pọ̀, tí ènìyàn kò sí. A gbọ́ pé ó ń bá àwọn pẹpẹ sọ̀rọ̀, wọn kò sì já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀ rí. Bẹ́ẹ̀-ni-sà di tíṣà àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà ní Ìsàlẹ̀. Láti àárọ̀ di ọ̀sán, "rárá" ni wọ́n ń sọ fún un. Ó ti ń gbìyànjú láti kọ́ ọ lọ́dọ̀ wọn.

Olùbẹ̀wò kò lọ. Ó ní káfíńtà, tó kó tábìlì kiri, ni yóò kan òmíràn. Òun àti alábàárù mẹ́jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, káfíńtà kò sì gba oorun láyè. Àwọn òbí Òkè sọ pé kí wọ́n má fi ọwọ́ kan tábìlì ọmọ àwọn mọ́ láéláé, olùbẹ̀wò sì ní ó dára, kí wọ́n wá ran káfíńtà lọ́wọ́ láti gé igi. Méjì nínú wọn wá lóòótọ́. Mẹ́rìndínlógún ni tábìlì tó kọ́kọ́ dé Ìsàlẹ̀. Kò tó. Àwọn ọmọ ń pín in lò, ẹni tó bá lo àárọ̀ kò ní lo ọ̀sán. Káfíńtà fi bóòtù onírin de ẹsẹ̀ gbogbo tábìlì náà mọ́ sìmẹ́ńtì ilẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má lè gbé wọn lọ mọ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ ka èsì ìdánwò, gbogbo òbí Ìsàlẹ̀ kún àgbàlá. Olùbẹ̀wò bọ́ síwájú. "Ẹ káàárọ̀ o," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀." Àwọn tíṣà dúró, wọ́n ń retí ìyókù kí wọ́n lè mọ ibi tí wọ́n á ti pàtẹ́wọ́. Kò sí ìyókù. Wọ́n ti ka ìwé mẹ́tàléláàádọ́rin náà, ìlà wíwọ́ àti gbogbo rẹ̀. Ọmọkùnrin orí agolo ọ̀dà ló gba ipò kìíní. Ọmọ káfíńtà gba ipò kejì, ó sì ń bínú nítorí ìbéèrè kan tó ṣì. Káfíńtà ní kí wọ́n tún orúkọ rẹ̀ kà. Wọ́n tún un kà. Ìyàwó rẹ̀ ránṣẹ́ sí aránṣọ pé kó má ṣe retí ọmọ mọ́, ọjọ́ Ìṣẹ́gun sì ni, ọjọ́ kejì oṣù Keje, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀.